Òwú Tí Ìyàwó Mi Ta Kẹ́yìn

Kò sẹ́ni tó mọ òfì hun tó mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà. Ọwọ́ mi ló gboyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó mi kú, n kò lè fọwọ́ kan òwú tó ta kẹ́yìn, èyí tó nà sórí òpó fún mi láti hun. Bí mo bá hun ún tán, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tán nìyẹn.

Mo lọ jókòó sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń wo ẹyẹ ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ láràárọ̀.

“Ọ̀gá ahunṣọ, ṣé ẹyẹ ló máa bá ọ hun ún ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n wò ó. Ó mọṣẹ́ díẹ̀, kò kàn tó mi ni.”

Akọ kan hun ilé tán, abo wò ó, ó fò lọ. Akọ tú ilé náà palẹ̀, ó já koríko tútù, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo padà sílé, mo hun òwú náà. Inú mi ò dùn, kò sì bàjẹ́. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí òwú náà tán ni mo rántí ohun tí gbogbo ahunṣọ mọ̀: a kì í yọ ìrù òwú, ìyókù tí kò ṣeé hun mọ́, kúrò lórí òfì, òun là ń so tuntun mọ́. Mo ta òwú tuntun fúnra mi, mo sì so ó mọ́ ti ìyàwó mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.