Iná tí mo sún mọ́ ẹsẹ̀ Màmá

Ẹ gbà mí o, mo fi iná jó Màmá mi lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Ìtọ̀ ṣúgà ò jẹ́ kí wọ́n lè rìn mọ́, ni mo ṣe ń fi iná pupa, gílóòbù mànàmáná tó máa ń mú ooru jáde, mú ẹsẹ̀ wọn gbóná.

"Màmá, ṣé ó ń gbóná?"

"Rárá. Àbí iná tìẹ náà ń ṣahun ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo tún sún un mọ́ wọn. N ò fọwọ́ kàn án wò, àfi ìgbà tí awọ ẹsẹ̀ ti wú, tó gbomi. Ẹsẹ̀ náà ò mọ ooru mọ́!

A ti ń lọ sí ọsibítù ní Ṣàgámù báyìí. Màmá ní, "Kí lo ń sunkún sí? Kò dùn mí o."

Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú rẹ̀, ṣé wọn ò ní gé ẹsẹ̀ náà?