Ọjọ́ Tí Mo Se Àkùkọ fún Àna Mi

Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó ń ṣàánú òmùgọ̀. Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni ọjọ́ tí bàbá Àbẹ̀kẹ́, àfẹ́sọ́nà mi, ti Ọ̀yọ́ wá wò mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, bóyá wọn yóò fi ọmọ fún mi.

Tíṣà àpọ́n ni mí nígbà náà. Mo pa àgbà àkùkọ. Ìyá onílé ní kí n gún ewé ìbẹ́pẹ, kí n fi pa á lára kó lè rọ̀. Èmi olùkọ́ ìmọ́tótó kọ́kọ́ ri ewé náà sínú omi híhó. N kò mọ̀ pé ohun tó wà nínú ewé tútù tó ń mú ẹran rọ̀, bí irú èyí tó ń da oúnjẹ nínú ikùn wa, ooru a máa pa á.

Bàbá jẹ ẹran títí, omi bọ́ lójú wọn.

"Tíṣà, ṣé bàtà lo sè ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo fi ewé ìbẹ́pẹ sí i, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ bọ ewé náà kó lè mọ́."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "O ti pa ewé kó tó débi iṣẹ́! Wá mú Àbẹ̀kẹ́, kí ebi má baà pa ọ́ sí mi lọ́rùn."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, kí Olúwa fún ọ ní oúnjẹ, kó sì fún ọ ní eyín tí yóò jẹ ẹ́.