Aṣọ Òkè Tí Ìyá Mi Fi Gun Kẹ̀kẹ́

Mò ń wọn aṣọ wò fún ìdíje àkọ́kọ́ mi, èyí tí èèyàn máa ń lúwẹ̀ẹ́, kó gun kẹ̀kẹ́, kó tún sáré. Òórùn rọ́bà tuntun ara aṣọ náà gbé mi padà sí Sankaryaré, àdúgbò tí mo ti dàgbà, sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi ti ń ta táyà.

Ayé ìyípadà ìjọba tí wọ́n ń pè ní révolution ni. Kòmíté àdúgbò ní kí àwọn obìnrin fi kẹ̀kẹ́ díje lọ́jọ́ kejì, kí kálukú wọn wọ aṣọ tí wọ́n fọwọ́ hun.

Lọ́sàn-án yẹn, ìyá mi tẹ́ aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ki àlùmágàjí bọ̀ ọ́. Mo pariwo. Aṣọ tí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn! Ó ń gé e, ó ń rán an ní ṣòkòtò, òwú pupa ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

Bàbá wọlé, ó dúró bí òpó.

“Ìyá Sàlámọ̀,” ó fi orúkọ mi pè é, “aṣọ ìgbéyàwó wa?”

“Aṣọ tí wọ́n fọwọ́ hun ni wọ́n ní. Ṣé ẹ̀rọ ló hun èyí ni?”

Mo ń retí kó bú u. Ńṣe ló mú sípánà, ó kúnlẹ̀ ti kẹ̀kẹ́, ó rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹnu yà mí.

“Ẹ gbé e padà sókè,” ìyá mi wí. “Èmi kì í ṣe ọmọdé.”

Mo ti wọlé ọkọ kí n tó mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ìyá mi gbọ́ pé bàbá ti gbé ìyàwó mìíràn sí àdúgbò Pissy.