Níbi Tí Krápì Wà

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Nelda Scoggins ti fi jẹ́ ìyàwó Arvel, kò sì sí ọjọ́ kan tí Arvel sọ ibi tó ti ń pẹja fún un ní òótọ́. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà burú. Kì í mutí, kì í pariwo mọ́ni, ó sì máa ń fọ abọ́ alẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹja krápì, irọ́ ni yóò pa. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo apẹja adágún Tolliver rí. Pásítọ̀ wọn gan-an, bí o bá bi í níbo ló ti kó ẹja inú korobá yẹn, yóò nawọ́ sí ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn ló sì ti ń bọ̀.

Irọ́ náà nídìí. Kí wọ́n tó sé omi di adágún, odò kéékèèké ló ń ṣàn níbẹ̀, ojú wọn sì wà nísàlẹ̀ omi títí dòní. Tí òtútù bá dé, tí wọ́n jẹ́ kí omi adágún fà, krápì á kúrò létí omi, wọ́n á lọ kó jọ sí bèbè ojú odò àtijọ́ wọ̀nyẹn, níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ kọ̀rọ̀ kan tó dáa, tó sì ri òpó mọ́lẹ̀ síbẹ̀ kí ẹja lè máa sá pamọ́ sí i, kò ní rahùn ẹja títí òtútù á fi lọ. Ta ni yóò wá fi irú ibẹ̀ han ẹlòmíì?

Ní ọjọ́ Thursday kan nínú oṣù January, Arvel ní òun á ti wọlé ní aago méjì. Aago mẹ́rin lù, kò dé, kò sì gbé fóònù. Nelda bọ́ épúróònù tó fi ń dáná fáwọn ọmọ iléèwé, ó wa mọ́tò lọ sí èbúté. Píkọ́ọ̀pù Arvel wà níbẹ̀, yìnyín ti bò ó níwájú. Atẹ́gùn àríwá ń gbá omi kiri. Oòrùn kò ní ju wákàtí kan mọ́ kó tó wọ̀, ẹni tó bá sì wà nínú omi yẹn nígbà náà, ó di àwátì.

Ó sọ fáwọn ọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìjẹ pé odò Bledsoe, ọ̀kan nínú àwọn odò abẹ́ adágún náà, ni Arvel ní òun ń lọ. Lójú ẹsẹ̀, àwọn mẹ́ta ti ń tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn. Ìgbà náà ni Nelda rántí irú ọkọ tí òun fẹ́.

“Ẹ dúró,” ó ní. “Bó ṣe dárúkọ Bledsoe fún mi yẹn, a jẹ́ pé kò sí níbẹ̀.”

Wọ́n dúró. Kò sẹ́ni tó jiyàn, nítorí wọ́n mọ ara wọn. Adágún náà gùn ju kí wọ́n máa wá a káàkiri lọ. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣìnà, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wọn lọ́wọ́. Nelda wò yíká, ojú rẹ̀ bá bọ́ sí ara Dorsey, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ṣeré, tí kò tan ẹ́ńjìnnì kankan. Ó ti tó ọdún méjì tí Dorsey àti Arvel ti ń bára wọn yan odì, láti ìgbà tí Dorsey ti ní Arvel ń tọ òun lẹ́yìn dé ibi ìpẹja òun.

“Dorsey, níbo lo ti ń pa krápì?”

“Bledsoe náà ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mi ò bi ọ́ níbi tí ò ń sọ. Ibi tí ò ń lọ ni mo bi ọ́.”

Dorsey wo àwọn ọkùnrin yòókù. Gbogbo wọn ń wo bàtà wọn, ṣùgbọ́n etí wọn là sílẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí Nelda ti ọmọ ìyá rẹ̀ sómi. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ọjọ́ náà rèé, òtítọ́ sì ń falẹ̀.

“Ọkọ mi lè máa kú lọ o, Dorsey.”

“Odò Turnbow,” ni Dorsey wí. “Kọ̀rọ̀ kẹta. Mo rí i níbẹ̀ ní aago mẹ́ta. Ọkọ̀ rẹ̀ há sórí kùkùté. Ó rí mi, ó kẹ̀yìn sí mi. Ibi tèmi ló wà, ẹ̀gbọ́n mi. Inú bí mi, mo bá kọjá lọ.”

Nelda wọnú ọkọ̀ Dorsey, ó jókòó síwájú.

Eré kò ṣeé sá ní Turnbow. Omi ti fà, orí kùkùté yọ síta káàkiri, àwọn tí kò sì yọ ló burú jù. Nígbàkígbà tí igi bá ha ìdí ọkọ̀, Nelda á di etí ọkọ̀ mú, á gbàdúrà, á tún bú Arvel. Ní kọ̀rọ̀ kẹta, agolo epo ọkọ̀ kan tó pupa ló kọ́kọ́ rí lójú omi. Lẹ́yìn náà ló rí ọkọ rẹ̀. Ibi tó ti ń gbìyànjú àtiti ọkọ̀ kúrò lórí kùkùté ni ọkọ̀ ti dojú dé. Arvel dúró lórí bèbè odò àtijọ́ nísàlẹ̀ omi, omi mu ún dé ìbàdí, ó fi apá méjèèjì gbá ọ̀kan nínú àwọn òpó tí Dorsey rì síbẹ̀ mọ́ra. Ìṣísẹ̀ kan sẹ́yìn, ibú ni. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Dorsey ló bọ́ sómi tó gbé e.

Wọ́n fi kúìtì wé e ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná gáàsì, wọ́n ń retí ọkọ̀ àwọn elétò ìlera. Nelda kúnlẹ̀, ó ń ra ọwọ́ ọkọ rẹ̀ tó ti le gbagidi. Ó bi í pé kí ló dé tí kò ké pe Dorsey.

“Kó lè mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo wà?” Eyín Arvel ń gbá ara wọn. Ó fi ojú pe ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sọ ọ́ sí i létí: “Nelda, má sọ fún wọn pé lápá òsì àwọn òpó, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá nísàlẹ̀, ni àwọn ẹja wà.”

Omijé tí kò tí ì bọ́ látìgbà tó ti ń wá a wá bọ́. Nelda dìde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú.

“Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín. Odò Turnbow, kọ̀rọ̀ kẹta, lápá òsì àwọn òpó. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá nísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ju ìwọ̀ sí. Ẹja wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìjẹ.”

Arvel di ojú rẹ̀. Dorsey, tí omi ń kán lára rẹ̀, rọra jókòó sórí korobá kan. Ẹnì kan lẹ́yìn ń wá bírò tí yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀. Nelda padà kúnlẹ̀, ó gbá ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó sì ń ra á lọ.