Táyà Méjì fún Ọkọ̀ Ìyá Mi

Ìyá mi kì í gba nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ sára nǹkan gbọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé, ó sì ti rí oríṣiríṣi aṣọ tí wọ́n rà lọ́jà, tí wọ́n kọ "ọmọ ọdún mẹ́jọ" sí lọ́rùn, tí ọmọ ọdún mẹ́fà ò sì lè ki apá bọ̀ ọ́. "Irọ́ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Téèpù ni kì í parọ́." Téèpù ọ̀hún kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Mo ti bá a níbi tó ti ń fọ abọ́ tòun ti téèpù lọ́rùn.

Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù. Máṣíìnì méjì wà lẹ́bàá fèrèsé, tábìlì gígùn kan wà láàárín tí áyọ́ọ̀nù àti àlùmọ́gàjí ti sọ ojú rẹ̀ di dídán, yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù sì kún ara ògiri. Bí ẹ bá wọlé tọ̀ ọ́, kó tó dá yín lóhùn ló ti máa fojú wọ̀n yín, á sì ti mọ̀ bóyá ẹ ti sanra sí i. Tí ẹ bá sanra, á sọ fún yín.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ rẹ̀ kọ́ ni máṣíìnì. Ayọ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún un, àti àwọn ọmọ mi obìnrin méjèèjì tó máa ń fi gbé lọ síléèwé láràárọ̀. Àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n ń lò lọ́nà, ṣùgbọ́n gbogbo àṣírí ilé mi ló ń gbọ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé eyín àbúrò ti ń mì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí òjò rọ̀, àbúrò sáré wọlé nírọ̀lẹ́, ẹ̀rín ń pa á. "Màámi, ọkọ̀ Màmá Àgbà jó lónìí! Ìdí ẹ̀ lọ báyìí, ó tún bọ̀ báyìí!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Òun ló wá ṣàlàyé pé ọkọ̀ yọ̀ ní kọ́nà, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbá etí títì. Kò sẹ́ni tó fara pa, síbẹ̀ mi ò dúró gbọ́ ìyókù. Mo gba ilé ìyá mi lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì ti dán bí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọ̀kan tiẹ̀ ti jẹ débi pé okùn inú rẹ̀ ti yọjú síta.

Mi ò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. "Màámi, títí tí ẹ máa fi pààrọ̀ táyà yìí, àwọn ọmọ mi ò ní wọ ọkọ̀ yín mọ́."

Ó wò mí. "Wọ́n sọ fún ẹ pé mo sáré ni?"

"Mi ò ní ẹ sáré. Mo ní táyà ti jẹ."

"Ó dáa," ló wí, ó sì padà sídìí máṣíìnì rẹ̀.

Ó dùn mí. Ìyá ẹni kọ́ là ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn. Láti ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyàwó ará ilé kejì wa fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé, ojú ọ̀nà ìyá mi ni wọ́n sì ń gbà kọjá. Láràárọ̀ ni ìyá mi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà tó fi ń wakọ̀ lẹ́sẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, tó ń juwọ́ sí wọn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ohùn padà lọ́jọ́ kejì, àmọ́ mo rántí okùn tó yọjú yẹn, mo ta kú. Mo ní kó jẹ́ kí n ra táyà fún un, ó fárígá.

"Ìwọ lo fòfin dè mí," ó ní. "Èmi ni màá tú ara mi sílẹ̀. Owó tí mo fi pamọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n tèmi ni."

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, ó ti dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tòun ti téèpù. Ó wọn gíga táyà, ó wọn ìbú rẹ̀, ó fi téèpù yí i ká bí ẹni ń wọn ìbàdí oníbàárà, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pélébé. Èmi náà tí mo ń pariwo láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ nǹkan kan nípa táyà ju pé ó rí roboto lọ. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Afẹ́fẹ́ la lọ. Abẹ́ páànù ló ti ń ṣiṣẹ́, ó to táyà dé òrùlé, ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà ń hó gùgù ní kọ̀rọ̀ kan, abọ́ omi ọṣẹ tó fi ń wá ibi tí táyà ti jò sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó kí wa dáadáa, ó gba ìwé lọ́wọ́ ìyá mi, ó sì fajú ro.

"Kí lèyí, Màmá?"

"Ìwọ̀n táyà mi ni. Mo ti fi íǹṣì kan kún un."

"Ẹ fi kún un kẹ̀? Nítorí kí ni?"

"Àyè ojú rírán ńkọ́? Èmi kì í gé aṣọ kó ṣe wẹ́kú."

Afẹ́fẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé táyà kan. "Màmá, wọn kì í rán táyà o! Nọ́ńbà ẹ̀ wà lára ẹ̀, ẹ wò ó níbí."

"Nọ́ńbà!" Ìyá mi gbójú sókè. "Ẹni tó kọ ọ́ síbẹ̀, ṣé ó ti rí ọkọ̀ mi rí ni?"

Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n Afẹ́fẹ́ mọ àgbà í bá lò. "Kò burú, Màmá. Ẹ jẹ́ kí ojú yín rí i." Ó wá táyà kan tó bá ìwé ìyá mi mu, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó de táyà náà sẹ́yìn, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó sì ní ká jọ tì í síwájú díẹ̀. Táyà bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara ọkọ̀, ó ń dún kìrìkìrì. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ ki ìka méjì bọ àárín táyà àti ara ọkọ̀. Kò wọlé.

"Ó fún un lábíyá," ló wí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, tí gbogbo wa sì tẹ̀ lé e. "Lónìí ni mo tó rí nọ́ńbà tí kì í parọ́."

Láti ìgbà yẹn, nọ́ńbà ò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Ó ní kí Afẹ́fẹ́ ka gbogbo èyí tó wà lára táyà fún òun. Afẹ́fẹ́ fi mẹ́rin kan hàn án tó tẹ̀ léra: méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe táyà, méjì tó kẹ́yìn ń sọ ọdún. "Ẹ̀n-ẹ́n! Èyí ni mo fẹ́ mọ̀," ni ìyá mi wí. "Mo ti ki aṣọ kan bọ àpótí rí, ẹnì kankan ò wọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ tí mo yọ ọ́ síta ló já mọ́ mi lọ́wọ́."

Owó ọwọ́ rẹ̀ lè ra àlòkù mẹ́rin, tàbí tuntun méjì láti iléeṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn àlòkù náà dúdú, wọ́n ń dán, ojú wọn sì jinlẹ̀. Mo ti ń ṣe bí ọ̀gá. "Ẹ gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Màámi. Ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọkàn mi balẹ̀."

Ìyá mi fa ọ̀kan nínú wọn mọ́ra, ó ki ọwọ́ bọnú rẹ̀ dé ìgùnpá, ó sì di ojú. Mo mọ ìdúró yẹn. Kò sí aṣọ tí wọ́n gbé fún ìyá mi rí tí kò kọ́kọ́ yí òdì rẹ̀ síta kó tó wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ rìn, ó rìn, ó dúró.

"Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́," ó ní.

Afẹ́fẹ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Lóòótọ́, ìlẹ̀mọ́ kan wà nínú, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, etí rẹ̀ kan sì ti ń ṣí. "Màmá, mi ò mọ̀ o! Odidi ẹrù ni mo kó, mi ò tíì yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan." Ó yẹ àwọn yòókù wò lójú wa. Nọ́ńbà ọ̀kan fi hàn pé ó ti pé ọdún mọ́kànlá. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èmi tí mo fòfin de ìyá mi nítorí táyà, èmi náà ni mo fẹ́ gbé àwọn ọmọ mi lérí táyà alálẹ̀mọ́. Inú bí mi sí ara mi gan-an.

Tuntun méjì la gbà. Afẹ́fẹ́ ki igi ìṣáná bọ ojú àwọn táyà iwájú láti mọ bó ṣe jinlẹ̀ tó, ó ní wọ́n ṣì máa lo ọdún kan dáadáa. Mo ní ṣé iwájú kọ́ ló yẹ kí tuntun wà.

"Ẹ̀yìn ni, Àǹtí. Ṣebí ẹ̀yìn ló yọ̀ lọ́jọ́ òjò? Tí ẹ̀yìn bá dilẹ̀ mú, Màmá á rí iwájú darí."

Wọ́n ná an, wọ́n tún un ná, ó ku díẹ̀ kí ohùn wọn pàdé. Àtìgbà tí a ti dé ni ìyá mi ti ń wo abíyá Afẹ́fẹ́, níbi tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ya. "Bọ́ ọ wá," ó ní. Ó yọ abẹ́rẹ́ àti òwú nínú báàgì rẹ̀, ó jókòó lórí táyà. Kí Afẹ́fẹ́ tó de táyà tuntun tán, ìyá mi ti rán an, ó sì ti lẹ aṣọ kékeré mọ́ abẹ́ apá rẹ̀. "Mo fi àyè sí i. O ti sanra." Afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì yọ owó díẹ̀ tó ya ohùn wọn kúrò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, òjò wínníwínní ń rọ̀. Ìyá mi gbé ọkọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Àwọn ọmọ sáré jáde, ó sì na ọwọ́ dá wọn dúró. "Ẹ ní sùúrù. Màmá yín ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò." Kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ nínú òjò, mo fọwọ́ ra ojú táyà, mo tún ki ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀ bí mo ṣe rí i tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo ṣílẹ̀kùn fáwọn ọmọ mi.

"Ìwọ náà wọlé," ó ní. Mo ti gbàyè wákàtí kan níbi iṣẹ́, ni mo bá jókòó sẹ́yìn láàárín wọn.

A dé kọ́nà yẹn. Òkèèrè ló ti fẹsẹ̀ lé bíréèkì, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín àwa àti ọkọ̀ iwájú tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ mìíràn lè wọ̀ ọ́. Bó ṣe máa ń gé aṣọ náà ló ṣe ń wakọ̀, mi ò sì kíyè sí i rí. Ọkọ̀ yà jẹ́ẹ́.

"Kò jó mọ́," àbúrò wí, ó fajú ro.

"Ẹ má bínú, Màámi," mo ní. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí."

"Bínú kí ni? Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ló wà nínú irú ọkọ̀ yẹn, kọ́kọ́rọ́ gan-an ni màá gbà." Ó gbójú sókè sí dígí, ó wò wá lẹ́yìn. "Ẹ̀yin ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣé ẹ ti de bẹ́líìtì yín?"

Àwọn méjì ti dè é. Mo fa tèmi, mo dè é.