Ìlà Méjì Nípa Ọkọ̀ Tó Dojú Dé

Ìkòròdú ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní èdè Yorùbá. Àròkọ wọn ti sú mi. Bí mo bá ní kí wọ́n kọ nípa ọjọ́ ọjà, gbogbo wọn á kọ ọ́ pé ojú ọjọ́ dára, oòrùn ń ràn, èrò sì pọ̀ bí omi. Wọ́n ti há a sórí láti kíláàsì ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ní kí wọ́n pa ìwé dé, kí kálukú lọ bi àgbà kan nílé léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i rí, kó sì kọ ọ́ wá.

Ọmọbìnrin kan ń ti Ejìnrìn wá, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Kì í sábà sọ̀rọ̀. Ìlà méjì péré ló kọ: “Ọkọ̀ dojú dé mọ́ ìyá mi àgbà lórí ọ̀sà nígbà tí wọ́n ń lọ sọ́jà. Ọlọ́run yọ wọ́n.”

Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi.

“Kí ni wọ́n dì mú tí wọn ò fi rì?”

“Mi ò bi wọ́n, mà.”

“Lọ bi wọ́n.”

Lọ́jọ́ kejì ó mú ojú ewé kan wá. Igi àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ni màmá dì mú. Mo tún bi í pé báwo ni omi náà ṣe rí lára wọn. Ó tún padà lọ. Nígbà tó máa fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú ewé mẹ́rin ló kó wá.

Yàrá àwọn olùkọ́ ni mo ti kà á, mi ò gbọ́ ìgbà tí aago lù. Ó kọ ọ́ pé omi òkè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ṣùgbọ́n ti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ tutù bí ẹni pé omi ọjọ́ mìíràn ni. Ó kọ ọ́ pé ata inú ọkọ̀ léfòó yí màmá ká, ó pọ́n lójú omi, ata yẹn ni màmá sì tẹjú mọ́ kí wọ́n má baà rí bí èbúté ṣe jìnnà tó.

Orí mi wú. Èmi tí mò ń kọ́ ọ, mi ò kọ irú rẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí màmá fúnra wọn fi yọ sí ilé ìwé. Mo rò pé ẹjọ́ dé. Mo kúnlẹ̀, mo fún wọn ní àga.

“Ṣé ẹ̀yin ni tíṣà tó ń rán ọmọ mi ní ìbéèrè?”

“Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Mi ò bínú. Mi ò mọ̀wé ni, ojú sì ń ti ọmọ láti kà á fún mi. Ẹ bá mi kà á.”

Mo ránṣẹ́ pe ọmọ náà, ó wá dúró ti ògiri. Mo kà á tán. Màmá dijú.

“Ó ku ibì kan,” ni wọ́n wí. “Ọ̀rẹ́ mi wà nínú ọkọ̀ yẹn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

“Ìyá, ẹ ò sọ fún mi!”

“Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ta ló bi mí? Mo kàn ń sọ pé ìbàdí ń dùn mí ni mi ò ṣe wọ ọkọ̀ mọ́. Kọ ọ́ sí i.”

Ọmọ náà jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ó ń kọ. Ó dá báírò dúró.

“Ìyá, ọwọ́ wo lẹ fi dì í mú?”

Èmi kọ́ ni mo rán an ní ìbéèrè yẹn. Màmá wo ọwọ́ wọn méjèèjì, wọ́n sì na ti òsì.

Nígbà tó kọ ọ́ tán, mo béèrè bóyá ọmọ náà lè kà á ní kíláàsì. Màmá rò ó wò.

“Kó kà á. Ṣùgbọ́n kó rọra kà á.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó dìde dúró. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé àwọn tó jókòó lẹ́yìn wá lóṣòó síwájú kí wọ́n lè gbọ́. Mo di ilẹ̀kùn mú kí atẹ́gùn má baà gbá a dé.