Òkè Ṣakí àti Òkè Àbújá

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ṣakí, kò sí ọmọ tó lẹ́nu tó mi ní gbogbo àdúgbò wa. Mi ò ka ìwé mẹ́fà tán kí n tó gbá ọkọ́ mú, ṣùgbọ́n títí dòní, àwọn tó kàwé ń dákẹ́ bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ lọ béèrè.

Ohun tí mo fi ń yangàn jù nígbà náà ni òkè Àṣàbàrí tó wà nílùú wa. Òun ló dáàbò bo àwọn baba wa nígbà ogun, mo sì gbà pé kò sí òkè tó tó o láyé. Àfi ọjọ́ tí ọmọ awakọ̀ kan tí a jọ ń lọ ilé kéú dá mi lóhùn pé, “Gbẹ́nu sọ́hùn-ún! Bàbá mi ti dé Àbújá. Òkè tó wà níbẹ̀, bí Àṣàbàrí bá rí i, yóò dọ̀bálẹ̀ ni.” Gbogbo ilé kéú bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ, oúnjẹ kò lọ lọ́fun mi lọ́jọ́ náà. Mo búra pé n ó lọ fojú ara mi rí i, n ó sì padà wá sọ èyí tó tóbi jù lójú gbogbo wọn.

Ọlọ́run gbọ́ tèmi. Iṣu ta lọ́dún yẹn, àbúrò bàbá mi tó ń mọlé ní Àbújá sì ránṣẹ́ pé ká wá wo ìlú tuntun tí àwọn ń kọ́. Ni bàbá mi bá kó èmi, ìyá mi àti ìyá tó bí òun gan-an sínú ọkọ̀ Píjò. A gba Ìgbòho, a gba Kíṣí, a já sí Ìlọrin. Nígbà tí a gun afárá Jẹ́bà, tí mo rí odò Ọya nísàlẹ̀, mo pariwo débi pé awakọ̀ Píjò náà ní, “Alájì, ẹ di ọmọ yín mú o, kó má bọ́ sódò!” Ìyá àgbà ní tirẹ̀, àpò iṣu ló dì mú. Bàbá mi ti bẹ̀ ẹ́ títí pé iṣu wà ní Àbújá. Ó ní, “Ṣé ọwọ́ òfo ni n ó fi wọ ìlú onílùú?”

Háà, mo rí nǹkan! Títì tó fẹ̀ bíi pápá, iná tó ń dá ọkọ̀ dúró láìsí ọlọ́pàá, ilé tó ga débi pé fìlà bàbá mi já bọ́ nígbà tó gbójú sókè wò ó. Ṣùgbọ́n òkè ni mò ń wá ní tèmi. Lọ́jọ́ kejì, àbúrò bàbá mi mú wa lọ síbi tí a ti lè rí i. Ẹ̀yìn ilé ìjọba ló wà, àwọn ṣọ́jà kò sì jẹ́ kéèyàn sún mọ́ ọn, la bá dúró lókèèrè. Ó dúdú, ó rọra jókòó bí erin. Mi ò mọ̀ bóyá ó ju Àṣàbàrí lọ, àmọ́ mi ò lè búra mọ́ pé kò jù ú. Kí ni n ó wá wí nílé kéú?

Ibi tí mo ti ń rò ó ni obìnrin ará ibẹ̀ kan ti ń kọjá, Gwárí ni wọ́n ń pè wọ́n. Ó gbé ìdì igi lé èjìká. Ìyá àgbà lanu.

“Yéè! Ṣé orí ń fọ́ abiyamọ yìí ni? Ṣé kò ní òṣùká?”

Kí a tó pajú dé, ó ti ká ìborùn rẹ̀ di òṣùká, ó ti lọ bá a, ó fẹ́ gbé igi náà lé e lórí! Obìnrin náà bẹ́ sẹ́yìn. Ìyá mi ń fa Ìyá àgbà láṣọ: “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìlú onílùú la wà!”

Nígbà tí obìnrin náà rí òṣùká lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yé e, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà gbọ́ Hausa díẹ̀, nítorí àwọn Hausa ló ń ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì ń túmọ̀ fún wa. Obìnrin náà ní orí ni ọba ara, àwọn kì í di ẹrù lé ọba. Ìyá àgbà pàtẹ́wọ́.

“Ẹ gbà mí! Àwa tí à ń bẹ orí láràárọ̀, àwa náà la tún ń di iṣu lé e!”

Ó yọ iṣu kan nínú àpò rẹ̀ tó tún gbé dání, ó fún un. Ó wá nawọ́ sí òkè náà, ó béèrè bóyá ó gba èèyàn là rí. Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ni àwọn baba àwọn náà sá sí nígbà ogun.

Àbúrò bàbá mi ní, “Ìjọba ló wá sá síbẹ̀ báyìí.”

A rẹ́rìn-ín títí. Ìyá àgbà yíjú sí mi, nítorí ó mọ̀ nípa ìbúra mi. “Ìwọ ẹlẹ́nu, ṣé o gbọ́? Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n.”

Bí a ṣe délé, ọmọ awakọ̀ ti ń dúró dè mí pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. “Ó yá, èwo ló tóbi jù?”

Mo gbé wàláà mi, pákó tí a fi ń kọ kéú, lé èjìká bí ará Gwárí, mo ní, “Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ṣé ìwọ máa ń wọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ mọ́ bàbá rẹ ni?” Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, kò sí ọmọ ilé kéú wa tí kò gbé wàláà lé èjìká.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Ìrìn Àbújá tí à ń fi gbogbo ọdún retí nígbà náà, orí ìjókòó lẹ ti ń rìn ín báyìí. Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi tó ń kàwé ní poli tẹ fóònù rẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Bàbá, ó ti gbé gíga òkè méjèèjì jáde o. Ṣé kí n kà á fún yín?”

Mo ní, “Pa á. Ta ló ní kí o wọn bàbá rẹ?”